Ìwádìí Okùnfà Mísì Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀ Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́: Àpẹẹrẹ Ìjàpá Volkswagen

1. Ìfáàrà

Láàárín àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ àyálò kan wà tí kò sí ọmọṣẹ́ tí kò tètè mọ̀ ọ́n: mísì. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan nínú àwọn sílíńdà rẹ̀ kò gbaná ní àkókò tí ó yẹ kí ó gbaná, wọn a ní ọkọ̀ náà ń mísì. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí ó ń gbọ̀n bí ó ti dúró sójú kan ń mísì. Èyí tí ó ń fà tìkọ̀ nígbà tí ó bá ń gun òkè ń mísì. Èyí tí ó ń yìnbọn pọ̀ọ̀ ní ẹnu sàlẹ́ńsà náà ń mísì. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí lè jẹ́, orúkọ kan ṣoṣo sì ni ọlọ́kọ̀ ní láti fi sọ wọ́n. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà lọ́wọ́.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí ń jẹ owó, nígbà mìíràn ó sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì pàápàá. Ọlọ́kọ̀ a ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin, kò gbọ́. A ra kọ́ńtáàkì tuntun, kò gbọ́. Wọn a tú kábúrétọ̀ palẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́, ọkọ̀ náà a dára fún ọjọ́ méjì, a sì padà sí ìwà rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, epo tí kò jó nínú sílíńdà tí ó yọṣẹ́ sílẹ̀ ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà náà, ó sì ń ṣàn lọ pò mọ́ ọ́ìlì tí gbogbo ẹ́ńjìnnì gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá sì jẹ́ pé fáàfù tí kò padé dáadáa ni ó fa mísì náà, iná tí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí orí fáàfù náà yóò fi kán sínú sílíńdà. Nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mísì mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn ni.

Ọkọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí yàn fún àpẹẹrẹ ni Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá nítorí ìrísí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó ní ọdún 1975, to irú rẹ̀ pọ̀ fún títà ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó sì fi ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2003 ni èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, nítorí náà gbogbo èyí tí ó ṣì ń rìn ti di àgbà ọkọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fi nǹkan pamọ́. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ máa kíyè sí mísì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní àmì tí ẹ̀rọ lè kà. Ìjàpá tí ó ń lo kábúrétọ̀ kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Etí, ọwọ́ àti ìrònú ni yóò ṣe iṣẹ́ náà.

2. Ohun tí sílíńdà kan nílò

Sílíńdà mẹ́rin ni Ìjàpá ní, méjì nà sí ọ̀tún, méjì nà sí òsì, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù wọ́n dípò omi. Ìkìn-ín-ní ni ti iwájú lápá ọ̀tún, ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta ni ti iwájú lápá òsì, ìkẹrin wà lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú tí a ń wí yìí, iwájú ọkọ̀ ni. Ẹni tí ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ìkejì àti ìkẹrin ni yóò sún mọ́ ọn jù lọ, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ni èyí sì ti ṣì lọ́nà. Ètò tí wọ́n fi ń gbaná ni 1, 4, 3, 2. Wáyà plọ́ọ̀gì méjì tí wọ́n bá gbé sí ipò ara wọn lórí dísíríbútọ̀ tó láti dá mísì tí kò sí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n béèrè nípa ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn dé ni ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn níbẹ̀.

Kí sílíńdà kan tó gbaná, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Ó gbọ́dọ̀ lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ó má jò; àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n; ẹ̀ta iná tí ó lágbára sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí i lásìkò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbaná ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ́ńtáàkì kan ṣoṣo tí ó wà nínú dísíríbútọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ń ṣí, ó sì ń pa dé, ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Kò yani lẹ́nu pé ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ a máa gbó.

3. Ẹ̀rí tí ó wà lẹ́nu ọlọ́kọ̀

Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ náà, mísì, bí ọlọ́kọ̀ ti sọ ọ́. Yóò béèrè ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni lásán. Òun ni ó ń pín àrùn kan níyà kúrò lára èkejì.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni bóyá mísì náà ń tẹ̀ lé ìlù kan tàbí ó ń rìn gbéregbère. Kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ gbogbo sílíńdà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ìjàpá. Bí epo bá dọ̀tí, tí jẹ́tì dí, tàbí tí omi wọ táǹkì, gbogbo wọn ni yóò jìyà rẹ̀, ìjìyà náà kò sì ní dúró sójú kan. Nítorí náà, bí ìró ẹnu sàlẹ́ńsà bá ń fò ní ibi kan náà léraléra, bí onílù tí awọ ìlù rẹ̀ ya ní apá kan, sílíńdà kan ṣoṣo ni ó yọṣẹ́ sílẹ̀, kábúrétọ̀ kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ṣeni ní kàyéfì bí ó ti jẹ́ pé kábúrétọ̀ yìí kan náà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tú. Bí ó bá jẹ́ pé méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ yọṣẹ́, paípù tí ó ń gbé àdàlù lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí wọ́n fura sí. Àwọn Ìjàpá kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Bràsíl ní kábúrétọ̀ méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan; fún àwọn wọ̀nyí, kábúrétọ̀ náà wà lára àwọn afurasí.

Ẹ̀rí kejì ni iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe nígbà tí mísì náà dé. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí ẹrù sì wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń wọ sílíńdà pọ̀, ìfúnpọ̀ rẹ̀ sì le. Bí ìfúnpọ̀ bá ti ń le sí i ni ó ń ṣòro sí i fún ẹ̀ta iná láti fò kọjá àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ti gbọ́dọ̀ sọ fóòtì 12 ti bátìrì di èyí tí ó lé ní 10,000. Bí agbára yìí bá rí ọ̀nà tí ó rọrùn jù, bí i wáyà tí ó ti sán tàbí ìdérí dísíríbútọ̀ tí ó ti là, ibẹ̀ ni yóò gbà. Ìdí nìyí tí mísì iná mànàmáná fi sábà máa ń hàn lórí òkè, tí ó sì ń fara pamọ́ bí ọkọ̀ bá dúró. Mísì tí afẹ́fẹ́ ń jò wọ inú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní síló ni ó ń dà á láàmú jù, nítorí pé ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ ni ó ń fà nígbà náà, díẹ̀ tí ó bá sì jò wọlé ti tó láti ba ìwọ̀n jẹ́. Bí wọ́n bá tẹ tọ́tù, ó di ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni ooru. Ọkọ̀ tí ó dára fún ogún ìṣẹ́jú, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì, tí ó sì tún dára nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí ó sinmi, kọ́ńdẹ́ńsà tàbí kọ́ìlì ni ó yẹ kí ọkàn kọ́kọ́ lọ sí. Àwọn méjèèjì lè yege nínú ìdánwò tí wọ́n bá ṣe fún wọn ní tútù.

4. Àyẹ̀wò àti ètò rẹ̀

Ìṣọ́ra kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Rọ́bà tí ó ń gbé epo bẹntiróòlù lọ sí kábúrétọ̀ wà lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ẹ̀ta iná ni wọ́n sì fẹ́ máa fi ṣeré ní ìtòsí rẹ̀. Bí rọ́bà náà bá ti le tàbí tí ó ti là, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni kò kú ikú mìíràn ju iná yìí lọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá sílíńdà tí ó jẹ̀bi. Ẹ́ńjìnnì yóò wà ní síló, wọn yóò máa fi ohun èlò tí iná kò lè gbà kọjá yọ wáyà plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì kí iná má baà wá ọ̀nà gba inú kọ́ìlì jáde. Sílíńdà tí ó ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò rẹ̀yìn, yóò gbọ̀n. Èyí tí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ tí nǹkan kan kò yí padà ni ó ti ń sùn tẹ́lẹ̀.

Ní kété tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì sàn ju àpò tí ó kún fún páàtì tuntun lọ: pàṣípààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìkẹta ni ó jẹ̀bi, kí wọ́n gbé plọ́ọ̀gì rẹ̀ fún ìkẹrin, kí wọ́n sì gbé ti ìkẹrin fún un. Bí mísì bá tẹ̀ lé plọ́ọ̀gì náà lọ, ẹjọ́ parí. Bí kò bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n ṣe bákan náà fún wáyà. Bí mísì bá dúró ti sílíńdà ìkẹta láìka gbogbo pàṣípààrọ̀ wọ̀nyí sí, ohun tí ó ń dùn ún wà nínú ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ méjì pọ̀ lè wo ọkọ̀ náà sàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí ó wò.

Nígbà tí mísì bá jẹ́ ti gbogbo sílíńdà, ètò títún nǹkan ṣe ni ó ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù lọ. Tápẹ́ẹ̀tì ni kí ó ṣáájú, kọ́ńtáàkì ni kí ó tẹ̀ lé e, táímìnì lẹ́yìn rẹ̀, kábúrétọ̀ ni kí ó kẹ́yìn. Ètò yìí kì í ṣe àṣà lásán. Bí àlàfo kọ́ńtáàkì bá yí padà, táímìnì yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí apá tí ó ń fara kan ọ̀pá dísíríbútọ̀ bá ti jẹ, àlàfo náà yóò dín kù, ẹ̀ta iná yóò sì máa pẹ́ dé. Ẹni tí ó bá tún táímìnì ṣe kí ó tó tún kọ́ńtáàkì ṣe ti ṣe iṣẹ́ tí yóò fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ ìwọ̀n tí kábúrétọ̀ wà nígbà tí ẹ̀ta iná bá ń pẹ́ dé. Fún ẹ́ńjìnnì 1300, 1500 àti 1600, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì jẹ́ milimítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ti kọ́ńtáàkì jẹ́ milimítà 0.4, ti ẹnu plọ́ọ̀gì kò ju 0.6 sí 0.7 lọ.

Ó yẹ láti dúró díẹ̀ lórí tápẹ́ẹ̀tì, nítorí pé etí ń tan ènìyàn níbẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ jù a máa pariwo, ọlọ́kọ̀ a sì sáré gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe. Èyí tí àlàfo rẹ̀ ti parí kì í dún rárá. Inú ọlọ́kọ̀ a dùn pé ẹ́ńjìnnì òun dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èyí tí ó dákẹ́ yìí gan-an ni ó léwu. Fáàfù tí ń tú èéfín jáde a máa nà díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Bí àlàfo bá parí, kò ní lè jókòó dáadáa sí ààyè rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan ààyè rẹ̀ ni ó ń gbé ooru ara rẹ̀ fún orí sílíńdà. Bí kò bá jókòó, kò sí ibi tí ooru náà yóò gbà lọ. Mẹkáníìkì tí ó ń dín ariwo tápẹ́ẹ̀tì kù ní ìwọ̀n etí, láìlo irin ìwọ̀n, ń ra ìparọ́rọ́ tí ọlọ́kọ̀ yóò san owó rẹ̀ nígbà mìíràn.

Àwọn mísì kan wà tí wọ́n ń fara pamọ́ fún gbogbo ìdánwò wọ̀nyí. Nínú dísíríbútọ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n hun bí okùn bàtà, tí ó so àwo tí kọ́ńtáàkì jókòó lé mọ́ ara dísíríbútọ̀. Àwo yìí a máa yí díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ tọ́tù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wáyà náà a já nínú láìhàn sójú. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní síló, ẹnu ibi tí ó já ń kan ara wọn, gbogbo rẹ̀ dára. Bí wọ́n bá tẹ tọ́tù, àwo yí, ẹnu náà ya, ọkọ̀ jáàkì. Gbogbo ìdánwò tí wọ́n bá ṣe lójú kan ni yóò sọ pé kò sí nǹkan kan. Kí wọ́n fi ọwọ́ yí àwo náà kí wọ́n sì máa wo bí iná ṣe ń lọ. Ìyẹn ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Èkejì tí ó jọ ọ́ ni ọ̀pá dísíríbútọ̀ tí ó ti ń mì nínú ihò rẹ̀. Àlàfo kọ́ńtáàkì tí wọ́n wọ̀n lórí ọ̀pá tí ó ń mì kì í ṣe àlàfo kankan. Ní ti iná tí ó ń jò lára wáyà, kò nílò ẹ̀rọ: kí wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì ní òru nígbà tí òkùnkùn bá kùn, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì wo ibi tí ẹ̀ta iná búlúù ti ń fò.

Afẹ́fẹ́ tí ń jò wọ inú paípù àdàlù ni wọ́n ń wá pẹ̀lú omi. Kí wọ́n fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí ìdí paípù níbi tí ó ti wọ orí sílíńdà, àti sí rọ́bà tí ó so ó pọ̀. Bí ìró síló bá yí padà, ibẹ̀ ni. Àwọn kan ń lo bẹntiróòlù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìyípadà ìró rẹ̀ hàn ketekete. Ìwà were gbáà ni.

5. Nígbà tí ẹ̀bi bá wà nínú sílíńdà

Bí pàṣípààrọ̀ bá ti fi hàn pé sílíńdà fúnra rẹ̀ ni, ìfúnpọ̀ ni kí wọ́n wọ̀n. Ẹ́ńjìnnì yóò ti gbóná, gbogbo plọ́ọ̀gì yóò ti jáde, wọn yóò sì tẹ tọ́tù dé ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé fàlàlà. Iye tí gééjì bá kà kò ṣe pàtàkì tó ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín sílíńdà kan àti èkejì: mẹ́rin tí wọ́n jọ rẹlẹ̀ jẹ́ àmì ọjọ́ ogbó, ọ̀kan tí ó rẹlẹ̀ láàárín mẹ́ta tí wọ́n dára jẹ́ àmì àìsàn.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọn a da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà tí ó rẹlẹ̀ náà kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, òrùka pisítìnì ni ó jẹ̀bi, bí kò bá gòkè, fáàfù ni. Ìdánwò yìí kò ṣeé gbára lé lára Ìjàpá, nítorí pé àwọn sílíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọ́ìlì náà yóò ṣàn sí ìsàlẹ̀ kan, kò ní yí pisítìnì ká. Ohun tí ó sàn jù wà lọ́dọ̀ fọ́kánáísà tí ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì títí pisítìnì yóò fi wà ní òkè pátápátá, tí fáàfù méjèèjì sì wà ní pípadé. Kí wọ́n fi ọkọ̀ sí jíà, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìka sí ìtòsí béélìtì, nítorí pé afẹ́fẹ́ náà lè yí ẹ́ńjìnnì lójijì. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n so rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ ihò plọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì tẹ́tí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fọn ní ẹnu sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni. Bí ó bá ń fọn ní ẹnu kábúrétọ̀, fáàfù tí ń gba àdàlù wọlé ni. Bí ó bá ń fọn ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, òrùka pisítìnì ti gbó.

Sílíńdà tí èyí sábà máa ń bá jù lọ nínú àwọn Ìjàpá tí wọ́n ṣe kí ó tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1970 ni ìkẹta. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn, ohun tí ó ń tu ọ́ìlì dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń gbà nínú ìtútù rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ dísíríbútọ̀ ìgbà yẹn ni wọ́n gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀ta iná ìkẹta yóò fi pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kí ooru rẹ̀ má baà pọ̀ jù. Mẹkáníìkì tí kò mọ ìdí èyí a rò pé ọ̀pá náà ti jẹ, a sì dá a lẹ́bi láìṣẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún náà ni wọ́n ti gbé ohun ìtu-ọ́ìlì náà kúrò lójú ọ̀nà yẹn, tí wọ́n sì fún un ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tirẹ̀.

Fáàfù tí ó ti jó kò ní oògùn mìíràn ju kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀, kí wọ́n sì tú orí sílíńdà. Bóòtì mẹ́rin péré ni ó so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ jíà rẹ̀, ọmọṣẹ́ méjì tí ọwọ́ wọn yá sì lè gbé e sílẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí i: ẹ̀gbẹ́ kan lára fáàfù náà yóò ti jẹ, bí ẹní fi eyín bu àkàrà. Fáàfù èéfín kejì tí ó wà lórí kan náà ti ṣiṣẹ́ nínú ooru kan náà fún iye ọdún kan náà. Kí wọ́n pààrọ̀ òun náà kí wọ́n tó dé e padà.